Ọ̀nà, Ẹja àti Èèwọ̀: Ìtàn Ìrìn nínú Igbó Ọ̀ṣun láti Ìpólé dé Òṣogbo

Àṣamọ̀

Ìtàn ọ̀nà tó wọ Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. A yẹ ìtàn náà wò láti ìgbà tí àwọn ará Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fi tọ ipa ọdẹ dé etí odò, títí di ìgbà tí àjọ UNESCO ka igbó náà mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Àbá wa ni pé òfin ìrìn ni èèwọ̀ tó dáàbò bo ẹranko, igi àti ẹja ibẹ̀: ó sọ ẹni tó lè rìn, ìgbà tó lè rìn, àti ohun tí kò gbọdọ̀ mú bọ̀ wálé. A fi ọ̀nà Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wé e, a sì fi hàn pé ewu tó dojú kọ Igbó Ọ̀ṣun lónìí kò gba ojú ọ̀nà wọlé mọ́; inú omi ló ń bá wá.

Ìfáárà

Àwọn tó ń pe àlejò wá sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sábà máa ń to nǹkan mẹ́rin pọ̀ nínú ìpolówó wọn: igbó tó tutù, ẹranko tó ń fò láti orí igi dé orí igi, òkè tí a lè gùn, àti odò tó kún fún ẹja. Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ yìí lè rò pé gbogbo rẹ̀ ló wà fún mímú. Àmọ́ ní Igbó Ọ̀ṣun, ènìyàn lè rìn, ó lè wo ọ̀bọ, ó lè dúró létí odò kí ó máa wo ẹja. Kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ sínú omi, kò gbọdọ̀ dẹ tàkúté, kò sì gbọdọ̀ gé igi. Ìbéèrè tó bí iṣẹ́ yìí ni pé: báwo ni igbó kan tí ẹsẹ̀ kì í dá lójú ọ̀nà rẹ̀ ṣe pa ẹranko àti ẹja rẹ̀ mọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ igbó mìíràn tí ẹsẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ nínú wọn ti di oko, tí wọ́n sì ti di ilé?

Ìbéèrè náà kò jìnnà sí àwọn onímọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀, níbi tí olú ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006 wà, ìlú kan náà ni òun àti igbó yìí jọ wà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí a ti kọ nípa igbó náà dá lórí ère, ojúbọ àti ọdún Ọ̀ṣun. Ọ̀nà tí gbogbo èyí gbà dé ibẹ̀ kò tíì gba àkíyèsí tó yẹ ẹ́. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti gbé ọ̀nà fúnra rẹ̀ síwájú, kí a sì kà á bí a ṣe ń ka ìwé.

Ọ̀nà ọdẹ

Ìtàn ẹnu Òṣogbo gbà pé láti Ìpólé ni àwọn tó tẹ ìlú náà dó ti ṣí wá. Ìpólé yìí ni ìtàn Ìjẹ̀ṣà kà sí ọ̀kan lára ibùdó àwọn ọba Ọbókun kí wọ́n tó dé Iléṣà. Ohun tó lé wọn kúrò níbẹ̀ yàtọ̀ láti ẹnu dé ẹnu: àwọn kan ní ọ̀dá omi ni, àwọn mìíràn ní ìyàn ni. Orúkọ méjì ló hàn nínú ìtàn náà, Láròóyè tó jẹ́ ọmọ ọba àti Tìmẹ́hìn tó jẹ́ ọdẹ. Nínú ìtàn àfin, Láròóyè ni aṣáájú. Nínú ìtàn tí UNESCO gbé jáde, Tìmẹ́hìn ló kó àwọn ènìyàn náà dé etí odò. Kò pọn dandan kí a dá ẹjọ́ náà. Ohun tó ṣe kókó ni pé kò sí ẹ̀yà ìtàn náà tó yọ ọdẹ kúrò. Ẹni tó mọ ipa ẹranko ló mọ ibi tí omi wà, nítorí pé ẹranko kì í jìnnà sí omi. Ọ̀nà tí ìlú gbà dé, ipa ọdẹ ni. Ipa ọdẹ sì rèé, ipa ẹranko ni tẹ́lẹ̀.

Èyí bá ipò tí ọdẹ wà láwùjọ Yorùbá mu. Òun ni ó máa ń ṣáájú jagunjagun, tí ó máa ń ṣáájú àgbẹ̀, tí ó sì máa ń padà wá ròyìn. Ìjálá, tí Adébóyè Babalọlá ṣe ìwádìí rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1966, kún fún ìmọ̀ nípa ìwà ẹranko kọ̀ọ̀kan, igi kọ̀ọ̀kan àti ìdílé kọ̀ọ̀kan. Kò sì jẹ́ ìyàlẹ́nu pé ọdẹ ni D. O. Fágúnwà fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938. Lójú Yorùbá, ẹni tó lè wọ igbó kí ó sì jáde ni igbó ní ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́.

Ẹ̀kọ́ tí igbó kọ́ àwọn ará Ìpólé kò pẹ́ rárá. Ìtàn sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣán igbó láti kọ́ ilé, igi kan tí wọ́n gé wó sínú odò, ni ohùn kan bá dún láti inú omi pé àwọn oṣó inú igbó wọ̀nyí ti fọ́ ìkòkò aró òun. Láti inú ọ̀rọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti wí, ni orúkọ Òṣogbo ti jáde. Onímọ̀ èdè lè máa jiyàn lórí orúkọ náà, àmọ́ kí òpìtàn má fojú fo ohun tí ìtàn náà ń rántí. Ohun àkọ́kọ́ tí ìlú yìí rántí nípa ara rẹ̀ ni igi tí wọ́n gé láìbéèrè, àti ẹni tí ìgégi náà pa lára. Aláró ni Ọ̀ṣun nínú ìtàn yìí, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Àwọn àlejò ló ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Ìpinnu tó tẹ̀ lé e ni pé kí wọ́n kúrò létí omi lọ sí òkè díẹ̀, kí wọ́n sì máa padà wá lọ́dọọdún pẹ̀lú ẹbọ. Ìlú lọ sókè, igbó dúró sísàlẹ̀, ọ̀nà sì wà láàárín wọn. Àwọn ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé, títí kan àfin àkọ́kọ́ àti Ọjà Òǹtótó, ṣì wà nínú igbó náà títí di òní, gẹ́gẹ́ bí ibi mímọ́.

Ẹja tí a tẹ́wọ́ gbà

Ìtàn oyè Àtáọ́ja bá èyí lọ. Wọ́n ní lẹ́yìn ẹbọ àkọ́kọ́, ẹja ńlá kan lúwẹ̀ẹ́ wá bá ọba létí odò, ọba sì na ọwọ́ méjèèjì láti gbà á. Láti inú ‘a-tẹ́wọ́-gba-ẹja’ ni oyè náà ti wá.

Kí a kíyè sí bí ẹja náà ṣe dé. Ìtàn yìí kò mẹ́nu kan ìwọ̀, àwọ̀n tàbí ìgèrè, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ ohun èlò tí àwọn tó ń gbé létí odò mọ̀ dáadáa. Ẹja náà ló wá fúnra rẹ̀. Bí oyè ọba bá dúró lórí ẹja tí a fún un, ẹni tó bá ń fi àwọ̀n kó ẹja nínú omi kan náà ń ba ìpìlẹ̀ oyè náà jẹ́. Nítorí náà, èèwọ̀ ẹja pípa ní Igbó Ọ̀ṣun kọjá ọ̀rọ̀ oúnjẹ tàbí ìbẹ̀rù òrìṣà lásán. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni pẹ̀lú: ẹja náà jẹ́ ẹlẹ́rìí sí àdéhùn tó fi ọba jọba.

Òfin ìrìn

Àdéhùn náà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ igbó. Ó sọ bí wọn yóò ṣe máa wọ̀ ọ́. Ọdún Ọ̀ṣun tó máa ń wáyé ní oṣù Kẹjọ fi èyí hàn kedere, nítorí pé ìrìn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìrìn ló sì parí rẹ̀. Ìwọ́pópó ni wọ́n ń pe ètò àkọ́kọ́, níbi tí Àtáọ́ja àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń rìn gba pópó ìlú láti wẹ ìlú mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, tí wọ́n sì ń ṣe Ìboríadé, níbi tí wọ́n ti ń kó adé àwọn ọba tó ti wàjà jọ fún ìwúre. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ni Arugbá, wúńdíá láti ìdílé ọba, ń ru igbá ẹbọ láti àfin dé etí odò, tí èrò rẹpẹtẹ sì ń tẹ̀ lé e. Wọ́n gbà pé Arugbá kò gbọdọ̀ kọsẹ̀.

Bí a bá fi ojú òpìtàn wò ó, ìlànà àbójútó ọ̀nà ni a rí níhìn-ín. Ọ̀nà tí Arugbá yóò gbà gbọdọ̀ mọ́. Bí ó bá di igbó tàbí tí ẹnìkan bá fi oko dí i, gbogbo ìlú ni yóò rí i lọ́jọ́ náà. Ìrìn ọdọọdún jẹ́ ìwọ̀n ààlà. Ní ayé tí kò sí àwòrán ilẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́rìí tó ń rin ọ̀nà kan náà ní oṣù kan náà ní gbogbo ọdún ni ìwé ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ọgbọ́n ta apá kan igbó náà yóò mọ̀ pé ọ̀nà yóò sọ̀rọ̀.

Kí a fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá ọgbà Yellowstone sílẹ̀ ní 1872, wọ́n kà á sí aginjù tí ènìyàn kò gbé, wọ́n sì lé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó ti ń rìn, tí wọ́n sì ti ń dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀ kúrò. Ọdún 1894 ni òfin tó múná fòfin de ọdẹ nínú rẹ̀. Ẹja pípa ní tirẹ̀ ń bá a lọ gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá. Àwọn ọ̀nà ọkọ̀ tí wọ́n là síbẹ̀ wà fún arìnrìn-àjò tó wá wòran. Nínú èrò yẹn, igbó ń yè nígbà tí a bá yọ onílé kúrò. Ní Òṣogbo, onílé ni ẹ̀ṣọ́. Igbó Kaya àwọn Mijikenda ní Kẹ́ńyà, tí UNESCO fọwọ́ sí ní 2008, jọ ti Òṣogbo nínú èyí: ibùdó àtijọ́ tí àwọn ènìyàn kúrò nínú rẹ̀ ló di igbó mímọ́, àwọn àgbà ló sì ń ṣọ́ ọ.

Ọ̀nà ogun, ọ̀nà rélùwéè

Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀nà mìíràn gba Òṣogbo. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin dó ti ìlú náà, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sì wá ràn án lọ́wọ́ títí wọ́n fi ṣẹ́gun. Àwọn òpìtàn ka ogun yìí sí ibi tí ìgbòkègbodò ẹlẹ́ṣin láti àríwá ti dẹ́kun nílẹ̀ Yorùbá. Ìtàn Òṣogbo ní tirẹ̀ fi ìṣẹ́gun náà fún Ọ̀ṣun. Àlàyé méjèèjì pàdé nínú igbó: ilẹ̀ tí igi ti dí kò rọ ẹṣin lọ́rùn. Lẹ́yìn ogun náà, ọ̀pọ̀ ẹni tí ogun lé kúrò nílé sá wá sí Òṣogbo, ìlú sì ń fẹ̀.

Ní 1907 ni rélùwéè tó ti dé Ìbàdàn ní 1901 wọ Òṣogbo. Láti ìgbà náà, ìlú yìí di ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sí ọjà Èkó. Àwọn Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí J. D. Y. Peel kọ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ ti 1983, jẹ nínú àǹfààní ọ̀nà tuntun yìí. Ipa tí àwọn ará Ìpólé fi ẹsẹ̀ tọ̀ ti di títì. Igbó kò tún jẹ́ ohun tí ènìyàn ń là kọjá kí ó tó dé ìlú. Ó ti di ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú, tí ó sì níye lórí.

Ìgbà tí ọ̀nà fẹ́ pa

Lábẹ́ ìjọba amúnisìn ni èèwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn àti igbó gba apá kan ilẹ̀ náà, wọ́n sì gbin igi tíìkì sí i. Ẹ̀sìn tuntun dín iye àwọn tó ń bẹ̀rù ìjìyà òrìṣà kù. Nígbà tó fi máa di ọdún 1950 sí 1959, àwọn ojúbọ ti ń wó, wọ́n ń gé igi, wọ́n ń dẹ̀gbẹ́, wọ́n sì ń pẹja níbi tí ó ti jẹ́ èèwọ̀. Ìgbà yìí fi hàn pé òfin ìrìn kò lè dá dúró bí kò bá sí ẹni tó ń rìn ín.

Susanne Wenger, ọmọ Austria tí wọ́n bí ní Graz ní 1915, dé Nàìjíríà ní 1950. Ọwọ́ Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ló ti gba ìmọ̀ òrìṣà, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní Àdùnní Olórìṣà. Nígbà tó tẹ̀dó sí Òṣogbo, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálí Àkàngbé bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojúbọ kọ́, wọ́n sì ń gbé ère ńláńlá dìde. A ti kọ púpọ̀ lórí ẹwà àwọn ère wọ̀nyí, a sì ti jiyàn lórí bóyá iṣẹ́ Yorùbá ni wọ́n tàbí iṣẹ́ òyìnbó. Bí a bá fi ojú ọ̀nà wò ó, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú. Ẹnubodè, ògiri àti ère tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ń sọ fún ẹni tó gbé ìbọn tàbí àdá wá pé ibi tí ó dé yìí ní olówó. Ohun tí ohùn inú omi sọ fún àwọn ará Ìpólé, sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ ló ń sọ ọ́ fún ìran tí kò gbọ́ ohùn náà mọ́.

Òfin ìjọba tẹ̀ lé e. Ní 1965 ni wọ́n kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kan gbogbo hẹ́kítà 75. Ní 2005, UNESCO fi í kún àwọn ogún àgbáyé, ó sì di ìkejì ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur tó ti wọlé ní 1999. Hẹ́kítà 47 mìíràn yí i ká gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ààbò. Wenger kú ní Òṣogbo ní oṣù Kìíní ọdún 2009.

Ọ̀nà Olúmirìn

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fúnra rẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà tó yẹ kí a fi wé ti Òṣogbo. Omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ń dà láti orí òkè ní ìpele méje, ẹni tó bá sì fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ gun òkè náà ní ìpele-ìpele, lórí òkúta àti gbòǹgbò igi. Àwọn ìwé ìpolówó máa ń kọ ọ́ pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló rí omi náà ní 1140. Kí òpìtàn ṣọ́ra pẹ̀lú irú ọdún bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìtàn ẹnu kì í ka ọdún bí kàlẹ́ńdà. Ohun tí a lè gbà nínú ìtàn Akínlà ni pé lójú ìrìn àtiṣí kúrò láti Ifẹ̀ ni wọ́n ti bá omi náà pàdé. Èyí jẹ́ kí ó jọ ìtàn Láròóyè àti Tìmẹ́hìn.

Ìyàtọ̀ wà ní bí ọ̀nà méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́ báyìí. Agbára ẹsẹ̀ àlejò ló ń pinnu ibi tí yóò dé ní Olúmirìn. Ní Igbó Ọ̀ṣun, ilẹ̀ tẹ́jú, ẹsẹ̀ lè dé ibikíbi. Èèwọ̀ ló ń pinnu. Òkè ń ṣọ́ Olúmirìn fúnra rẹ̀. Ènìyàn ló gbọdọ̀ máa ṣọ́ Ọ̀ṣun.

Ewu tí kò gba ojú ọ̀nà

Àmọ́ ewu tuntun kò kọjá lẹ́nu ibodè. Orísun odò Ọ̀ṣun wà ní ilẹ̀ Èkìtì, ó sì ń ṣàn lọ títí wọ inú ọ̀sà ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Kí ó tó dé Òṣogbo, omi tó ń ṣàn láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Láti ayé amúnisìn ni wọ́n ti ń wa góòlù ní agbègbè Iléṣà, ṣùgbọ́n ní ọdún àìpẹ́ yìí, ìwakùsà tí kò gba àṣẹ pọ̀ sí i, ẹrẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀ kúrò lára góòlù sì ń wọ inú odò. Omi tó máa ń mọ́ lójú di pupa rúsúrúsú. Ṣáájú ọdún Ọ̀ṣun ti 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn kí wọ́n má mu omi odò náà.

Bí ìkìlọ̀ yìí ṣe wúwo tó ni kí a rò. Ènìyàn ń wá láti Bàráṣílì, Kúbà àti Amẹ́ríkà láti bu omi yìí mu, kí wọ́n sì bù ú lọ fún ọmọ àti ìwòsàn. Òfin hẹ́kítà 75 kò lè mú ẹni tó ń fọ góòlù ní ọ̀pọ̀ máìlì sí ibẹ̀. Ẹja tí kò sí ẹni tó lè fi àwọ̀n kó nínú igbó lè kú láti ọwọ́ ẹni tí kò tíì rí igbó náà rí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ṣàn-án là á rìn, ajé ní í múni pa kọ́rọ̀. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó ń wa góòlù ni ọ̀daràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni, bí àwọn ará Ìpólé náà ṣe wá omi. Ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn ará Ìpólé fọ́ ìkòkò aró, wọ́n gbọ́ igbe ẹni tí wọ́n pa lára, wọ́n sì ṣí kúrò. Ẹni tó ń fọ góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò sí létí ibi tí igbe náà ti ń dún.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé Igbó Ọ̀ṣun yè nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ ní òfin, òfin náà sì ní ẹni tó ń rìn ín lọ́dọọdún. Nígbà tí àwọn tó ń rìn ín dín kù, igi tíìkì àti ọdẹ wọlé. Nígbà tí àwọn àwòrò, Àtáọ́ja, Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tún ọ̀nà náà ṣe, ọ̀bọ àti ẹja padà ní ààbò. Ìlànà kan tẹ̀ lé èyí fún àwa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn àyíká nílẹ̀ Yorùbá: bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí igbó kan fi wà, kí a wádìí ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá, ìgbà tó ń kọjá, àti ohun tí kò gbọdọ̀ mú dání.

Fún àwọn aláṣẹ, ìtàn náà tọ́ka sí ohun kan pàtó. Àdéhùn tó wà láàárín Òṣogbo àti Ọ̀ṣun kò kan àwọn tó ń gbé lókè odò, bẹ́ẹ̀ àwọn baba ńlá ìlú náà láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti wá. Ààbò igbó ní Òṣogbo kò lè pé láìsí òfin omi tí yóò de gbogbo ilẹ̀ tó ń da omi sínú odò náà, tí àwọn ọba àti àwọn ará ìlú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yóò sì jókòó sídìí rẹ̀ pẹ̀lú Àtáọ́ja àti ìjọba. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìlú tó bá sì jẹ́ kí orísun odò rẹ̀ bàjẹ́, kò ní ẹja tí yóò tẹ́wọ́ gbà mọ́.